Bọ́ńpà fáíbà tó là: ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí ní Ògbómọ̀ṣọ́, àti bí mo ṣe ń dá wọn lóhùn

Ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ kì í ṣàánú bọ́ńpà. Bí kòtò kò bá gbá a nísàlẹ̀, bọ́ǹpù tí wọ́n fi erùpẹ̀ mọ síwájú abúlé á họ ọ́. Bí ẹ bá sì wọ ìlú láyọ̀, ọlọ́kadà kan lè wà ní Tákìé tó máa fi ẹsẹ̀ ọ̀kadà ṣí i ní igun. Iṣẹ́ fáíbà, ìyẹn òwú gíláàsì tí wọ́n fi rẹ́sìn so pọ̀, ni mò ń ṣe, mo sì rí i pé ọ̀pọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń gbé wá bá mi, ẹni tó ni ín lè tún un ṣe nínú ọgbà ilé rẹ̀. Ìbéèrè wọn ni mo kó jọ síbí. Ohun tí mo fi ń bẹ̀rẹ̀ fún gbogbo wọn nìyí: ẹ̀yìn bọ́ńpà ni agbára wà, iwájú, ẹwà ni.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé fáíbà ni tèmi, pé kì í ṣe rọ́bà?

Ẹ yí i padà, kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Bọ́ńpà tó bá mọ́tò wá láti ilé iṣẹ́, rọ́bà ló sábà máa ń jẹ́, wọ́n sì máa ń tẹ lẹ́tà tó ń sọ irú rọ́bà tó jẹ́ sí i lẹ́yìn: PP, ABS, PUR tàbí TPO. Fáíbà kì í sábà ní irú àmì bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìn tirẹ̀ máa ń rí gbágungbàgun, ẹ ó sì rí òwú tó dàrú mọ́ra wọn nínú rẹ̀ bíi koríko gbígbẹ. Bó bá là, òwú funfun yẹn á yọ ṣónṣó létí ibi tó là. Bó bá ṣì ń rú yín lójú, ẹ fi sáńpépà ha á díẹ̀ níbi tó pamọ́. Fáíbà á máa kù bíi láfún. Rọ́bà á máa yọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, á sì máa ká kò. Ẹ má fi iná dán an wò.

Ọ̀pọ̀ bọ́ńpà fáíbà tó wà nílùú wa, àwọn tí wọ́n fi sọ mọ́tò àtijọ́ di tuntun ni, èyí tí gbogbo èèyàn ń pè ní upgrade. Ó yẹ kí ẹ mọ ìyàtọ̀ yìí kí ẹ tó náwó, nítorí pé rẹ́sìn fáíbà, ohun olómi tó ń gan di líle, kì í di PP mú. Á gan lónìí, á ṣí bí èèpo lọ́la. Bọ́ńpà rọ́bà, irin gbígbóná ni wọ́n fi ń jó o pọ̀, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ nìyẹn.

Ṣé gbogbo èyí tó là ló ṣe é tún ṣe?

Ọ̀pọ̀ jù lọ ni. Kódà bó fọ́ sí mẹ́ta, bí gbogbo rẹ̀ bá pé, ó ṣe é ṣe. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ àwọn èèyàn pé bí mọ́tò bá ti dúró tán tí ara yín sì balẹ̀, ẹ ṣa gbogbo ẹ̀já rẹ̀ nílẹ̀, títí kan èyí tó kéré bí èékánná. Etí wọn á bá ara wọn mu bí àwo tó fọ́, ìyẹn á sì gbà yín lọ́wọ́ fífi ojú díwọ̀n.

Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ wo irin tó wà lẹ́yìn bọ́ńpà. Irin yẹn ló ń gba ìjàǹbá fún yín, kì í ṣe fáíbà. Bó bá ti tẹ̀, ọ̀dọ̀ panẹli-bítà ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé mọ́tò lọ. Mi ò ní gbà kí ẹnikẹ́ni tún bọ́ńpà ṣe kó dára lójú, kí irin tó tẹ̀ wá wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ṣé mo lè ṣe é lára mọ́tò láì tú u?

Rárá. Ẹ̀yìn ni iṣẹ́ wà, ẹ ò sì lè dé ẹ̀yìn bó bá ṣì wà lára mọ́tò. Bí iná tàbí sẹ́nsọ̀ bá wà lára rẹ̀ tí ẹ ò mọ bí wáyà rẹ̀ ṣe ń ṣí, ẹ pe rẹ́wáyà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ kó nọ́ọ̀tì sínú agolo kan, kí ẹ sì ya fọ́tò ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti jáde.

Kí ni kí n rà, kí ló sì máa tó?

Rẹ́sìn pólíẹ́sítà àti kátálíìsì rẹ̀, èyí tó ń mú kó gan. Mátì fáíbà, òwú fáíbà tí wọ́n tẹ́ bí aṣọ, èyí tí wọ́n ń pè ní 450, ìyẹn ni pé mítà kan níbùú lóròó rẹ̀ wọn gíráàmù 450. Ásítónù díẹ̀, bùrọ́ọ̀ṣì olówó pọ́ọ́kú méjì, sáńpépà 40, 80, 180 àti 320, bọ́dì-fílà kékeré kan (ohun tí a fi ń dí ojú kó tẹ́jú kí a tó kùn ún), ìbọ̀wọ́, ìbomú, àti gíláàsì tó bo ojú dáadáa. Bí ẹ kò bá rí rẹ́sìn àti mátì rà nílùú, ẹ ó rí wọn n'Ìbàdàn tàbí ní Ìlọrin.

Àwọn èèyàn máa ń rà jù. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀kan: ibi tó là kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ẹ fẹ́ lẹ mátì mẹ́ta tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 20 níbùú àti lóròó. Gbogbo mátì yẹn kò ju gíráàmù 54 lọ. Mátì máa ń mu rẹ́sìn tó ìlọ́po méjì sí méjì àbọ̀ ìwọ̀n rẹ̀, ìyẹn bíi gíráàmù 135. Ìdajì kílò rẹ́sìn á ṣe é, á tún ṣẹ́kù.

Ẹ béèrè ìbéèrè kan lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á: ṣé wọ́n ti fi àsẹ́lérétọ̀, ohun tó ń mú kátálíìsì ṣiṣẹ́ kíákíá, sínú rẹ́sìn yìí? Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ìyẹn ni kí ẹ rà. Ìdáhùn tó kàn á sọ ìdí rẹ̀ fún yín.

Wọ́n fún mi ní ike kékeré méjì, ọ̀kan pọ́ọ̀pù, ọ̀kan mọ́ bí omi. Èwo ni kí n kọ́kọ́ dà sí i?

Ẹ dúró ná, kí ẹ ka èyí tán kí ẹ tó ṣí ìkankan. Èyí tó ní àwọ̀ pọ́ọ̀pù ni àsẹ́lérétọ̀. Èyí tó mọ́ bí omi ni kátálíìsì. Ẹ kò gbọ́dọ̀ da àwọn méjèèjì pọ̀ láìsí rẹ́sìn láàárín wọn. Ẹ kò gbọ́dọ̀ fi sírínjì kan náà fa méjèèjì. Ẹ kò gbọ́dọ̀ da ìyókù wọn sínú agolo ìdọ̀tí kan náà. Bí wọ́n bá pàdé ara wọn lásán, wọ́n lè gbiná, wọ́n lè bú gbàmù.

Bó ṣe máa ń lọ nìyí: àsẹ́lérétọ̀ ni ẹ kọ́kọ́ fi sínú rẹ́sìn, ní ìwọ̀n tí ẹni tó tà á sọ fún yín. Ẹ rò ó títí àwọ̀ rẹ̀ á fi dọ́gba, kò gbọ́dọ̀ sí ìlà pọ́ọ̀pù kankan nínú rẹ̀ mọ́. Ìgbà tí ẹ bá ti ṣe tán láti lo rẹ́sìn náà ni ẹ tó fi kátálíìsì sí i. Bí ẹni tó tà á bá ti fi àsẹ́lérétọ̀ sí i tẹ́lẹ̀, gbogbo wàhálà yìí kúrò lọ́rùn yín, kátálíìsì nìkan ló kù.

Ìwọ̀n kátálíìsì jẹ́ ìdá 1 sí ìdá 2 nínú 100 ìwọ̀n rẹ́sìn. Ẹ má po ju gíráàmù 200 lọ lẹ́ẹ̀kan. Ike omi 50cl ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n, bó bá dé ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀, tó sì lé díẹ̀, ó ti tó 200 nìyẹn. Sírínjì tí ẹ rà ní kẹ́mísì, tí ẹ ti yọ abẹ́rẹ́ rẹ̀, ni ẹ ó fi fa kátálíìsì: mìlílítà 2 fún gíráàmù 200 nígbà tí oòrùn bá mú, kó sún mọ́ 4 ní òwúrọ̀ ọyẹ́. Ẹ má dín in kù ju 2 yẹn lọ nítorí pé ẹ fẹ́ kó pẹ́ kó tó gan. Èyí tí kátálíìsì rẹ̀ kò tó lè má gan dáadáa láéláé.

Ẹ má pò ó sínú ike takeaway funfun fúyẹ́fúyẹ́ yẹn o. Rẹ́sìn á jẹ ìdí rẹ̀ lu, á sì dà sílẹ̀ mọ́ yín lẹ́sẹ̀.

Ẹ ṣàlàyé iṣẹ́ náà fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ bọ́ńpà náà tiwájú tẹ̀yìn, kí ọ̀rá ojú ọ̀nà kúrò lára rẹ̀. Ẹ sá a sóòrùn fún ìdajì ọjọ́. Òwú tó yọ síta níbi tó là máa ń fa omi mu, rẹ́sìn kì í sì í di ohun tó tutù mú. Lẹ́yìn náà ẹ lọ síbi tó ní ibòòji. Abẹ́ igi máńgòrò ni ọ̀pọ̀ wa ń lò, ó sì dáa fún iṣẹ́ mátì, àmọ́ ẹ ta nǹkan bò ó lókè nítorí ewé.

Ẹ to etí ibi tó là kó bá ara mu. Láti iwájú ni kí ẹ ti fi sẹ́lótéèpù tó nípọn dì í mú, kí ẹ sì fi pákó pẹlẹbẹ gbé e ró bó bá ń yẹ̀. Ẹ ní sùúrù níbí. Bí ó bá yẹ̀ ní mìlímítà méjì báyìí, ẹ ó fi fílà sanwó rẹ̀ níwájú. Níbi tí ìlà náà ti parí gan-an, ẹ fi dírílì lu ihò kékeré kan, mìlímítà 3, kó má bàa máa là lọ.

Ẹ yí i padà. Ẹ fi sáńpépà 40 tàbí ẹ̀rọ ìlọ̀ ha ẹ̀yìn rẹ̀, sẹ̀ǹtímítà 5 sí 7 ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ìlà náà, kó jinlẹ̀ láàárín, kó máa fẹ́lẹ́ lọ sí etí. Ẹ ha á títí tí dídán yóò fi kúrò. Ibi tó bá ṣì ń dán, mátì á ṣí níbẹ̀. Ẹ fi ásítónù nu ún, kí ẹ má sì fọwọ́ kàn án mọ́.

Mátì, ẹ fi ọwọ́ ya á, ẹ má fi síkọ́ọ̀sì gé e. Etí tí a fi ọwọ́ ya máa ń fẹ́lẹ́, á sì wọ inú bọ́ńpà láìsí òkè. Ẹ ya mẹ́ta: ti àkọ́kọ́ kó kàn bo ìlà náà, ti èkejì kó fi sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3 jù ú yí ká, ti ẹ̀kẹta bákan náà.

Ìgbà yìí ni kí ẹ tó po rẹ́sìn. Ẹ kọ́kọ́ fi bùrọ́ọ̀ṣì pa á sójú bọ́ńpà, ẹ tẹ́ mátì kékeré lé e, kí ẹ wá máa fi ẹnu bùrọ́ọ̀ṣì gún un, gún un, gún un. Ẹ má fà á bí ẹni ń kun ilé, òwú á máa tẹ̀ lé bùrọ́ọ̀ṣì ni. Ẹ dúró kí ẹ máa wò ó. Mátì tó funfun bí òwú ẹ̀gbọ̀n á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, funfun rẹ̀ á máa yó lọ bí iyọ̀ nínú omi, títí ẹ ó fi máa rí bọ́ńpà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ibi tó bá ṣì funfun, yálà rẹ́sìn kò dé ibẹ̀ tàbí atẹ́gùn há síbẹ̀. Ẹ gún un lọ sí etí títí atẹ́gùn á fi jáde. Ẹ ṣe èkejì àti ẹ̀kẹta bẹ́ẹ̀ kí àkọ́kọ́ tó gan. Mẹ́ta tó fún ìgbà kan. Bí ẹ bá lẹ mẹ́fà papọ̀, ooru tó máa mú jáde lè tẹ bọ́ńpà.

Ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ẹ wá yọ téèpù iwájú, ẹ ya ojú ìlà náà bíi lẹ́tà V, sẹ̀ǹtímítà kan sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ fi tẹ́ẹ́rẹ́ mátì kan àti rẹ́sìn dí i. Fílà ló gbẹ̀yìn, kò sì gbọ́dọ̀ nípọn ju mìlímítà 3 lọ.

Mo fi fílà dí tèmi níwájú lóṣù tó kọjá, ó tún ti là. Ṣé ayédèrú ni fílà náà ni?

Ó ṣeé ṣe kí fílà náà dáa. Kí n tó mọ iṣẹ́ yìí, èmi náà ṣe é bẹ́ẹ̀ sí mọ́tò tèmi. Mo fi fílà kun iwájú ní ọ̀sán Sátidé, mo ha á, mo fín ọ̀dà sí i, kò sẹ́ni tó lè tọ́ka sí ibi tó ti là. Ní Mọ́ńdè, kí n tó dé Ọ̀yọ́, ìlà náà ti padà sí ojú ibi tó wà gan-an, ọ̀dà sì ń ṣí ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí èèpo àlùbọ́sà.

Bọ́ńpà máa ń gbọ̀n, ó máa ń tẹ̀ díẹ̀, ó máa ń padà, ní gbogbo ìgbà tí mọ́tò bá ń rìn. Òwú inú mátì ló ń dì í mú kó má ya. Rẹ́sìn kàn so òwú pọ̀ ni. Fílà kò ní òwú kankan nínú. Ó dà bí kí ẹ da sìmẹ́ǹtì sórí fèrèsé láìsí irin nínú rẹ̀. Ẹ họ gbogbo fílà yẹn kúrò, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn.

Ó ti di ọjọ́ kejì, ó ṣì ń lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́.

Ẹ fi èékánná tẹ̀ ẹ́. Bí inú bá le, tó jẹ́ pé ojú rẹ̀ nìkan ló ń lẹ̀, kò sí nǹkan kan. Atẹ́gùn kì í jẹ́ kí ojú rẹ́sìn tí kò ní ìda nínú gan tán. Ẹ fi ásítónù nu ún kí ẹ tó ha á, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á dí sáńpépà yín. Nígbà mìíràn, ẹ tẹ́ nílọ́ọ̀nù mọ́ ọn lójú kó tó gan, á gan dáadáa, á tún dán.

Bó bá jẹ́ pé èékánná wọlé, tí gbogbo rẹ̀ rọ̀, kátálíìsì kò tó nìyẹn, tàbí ẹ kò rò ó dáadáa, tàbí omi wà níbẹ̀. Ẹ sá a sóòrùn ọjọ́ kan. Bí kò bá le, ẹ họ ọ́ dànù. Ó dùn mí láti sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ti ṣiṣẹ́ kára, àmọ́ bí ẹ bá lẹ òmíràn lé e lórí, gbogbo rẹ̀ á ṣí pọ̀ ni.

Ìyókù rẹ́sìn inú ike gbóná, ó ń rú èéfín!

Ẹ gbé e síta sórí iyẹ̀pẹ̀ tàbí ilẹ̀ lásán, jìnnà sí ilé àti ọkọ̀, kí ẹ kúrò lọ́dọ̀ èéfín rẹ̀. Rẹ́sìn tó pọ̀ lójú kan máa ń gbóná gan-an bó bá ń gan. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ máa po díẹ̀díẹ̀ nìyẹn. Àkísà tí ẹ fi nu rẹ́sìn náà, ẹ ṣí i sílẹ̀ níta kó gan, ẹ má ká a jọ sínú pàǹtí. Kò sì gbọ́dọ̀ sí sìgá, sítóòfù tàbí oògùn ẹ̀fọn onígbígbóná nítòsí ibi tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́.

Òjò ń rọ̀ lójoojúmọ́. Ṣé kí n dúró?

Bí ẹ bá lè dúró, ẹ dúró di ọjọ́ tí oòrùn yọ. Àsìkò tí mo fẹ́ràn jù ni oṣù kọkànlá, kí ọyẹ́ tó mú. Ọyẹ́ fúnra rẹ̀ dáa fún mátì, torí ó gbẹ, àfi pé eruku rẹ̀ máa ń ba ọ̀dà tútù jẹ́.

Ṣé mo lè fi Araldite tàbí súpà-gúlù lẹ̀ ẹ́?

Súpà-gúlù lè di ẹ̀já méjì mú kí ẹ tó lẹ mátì, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Araldite di fáíbà mú dáadáa, àmọ́ pólíẹ́sítà kì í fi bẹ́ẹ̀ di Araldite tó ti gan mú. Ẹni tó bá ti fi í kun gbogbo ẹ̀yìn ti ba ibi tí mátì máa lẹ̀ mọ́ jẹ́ nìyẹn. Ẹ ó ha gbogbo rẹ̀ kúrò kí ẹ tó tẹ̀ síwájú.

Ara mi ń yún mi. Àwọn ọmọ sì wà nílé.

Ẹ̀kù fáíbà ló ń gún yín. Ẹ má fi ọwọ́ rà á. Ẹ ṣí omi tútù sí i, ẹ wá fi ọṣẹ wẹ̀. Sẹ́lótéèpù tí ẹ tẹ̀ mọ́ awọ ara máa ń fa òmíràn jáde. Ẹ wọ aṣọ alápá gígùn nígbà mìíràn, kí ẹ má sì fọ aṣọ iṣẹ́ yẹn pọ̀ mọ́ ti àwọn ọmọ. Ìbomú kò gbọ́dọ̀ kúrò nímú yín nígbà tí ẹ bá ń ha á.

Èyí tó ń kó mi lọ́kàn sókè jù ni kátálíìsì. Ó mọ́ bí omi, ọ̀pọ̀ ló sì ń tà á sínú ike omi mímu. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé irú ike bẹ́ẹ̀ wọlé láì fi téèpù pupa yí i lára, kí ẹ sì gbé e síbi tí ọwọ́ ọmọ kò lè dé. Bó bá ta sí ojú, ẹ máa da omi mímọ́ sí i lójú fún ó kéré tán ìṣẹ́jú 15, kí ẹ tó gbéra lọ sí ilé ìwòsàn, ti Bowen tàbí ti LAUTECH, èyí tó bá sún mọ́ yín. Bí ọmọ bá mu ún, ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má sì gbìyànjú kó bì. Ẹ fi omi fọ ẹnu rẹ̀, kí ẹ sáré gbé e lọ.

Etí tí iná ìsàlẹ̀ fi dúró ti ṣẹ́, mi ò sì rí i mọ́.

Ẹ wo ti ẹ̀gbẹ́ kejì. Ẹ gé páálí tó jọ ọ́, ẹ fi nílọ́ọ̀nù wé e kí rẹ́sìn má lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ gbé e síbi tí etí náà yẹ kó wà, kí ẹ lẹ mátì mẹ́rin lé e lórí, kí ó wọ ara bọ́ńpà. Bó bá gan, ẹ yọ páálí, ẹ gé e kó ṣe déédéé, ẹ lu ihò rẹ̀.

Ọ̀dà ńkọ́?

Ẹ fi 180 ha fílà, lẹ́yìn náà 320, ní gbígbẹ. Fílà máa ń fa omi mu, ẹ má fi omi ha á kí ẹ tó fi pírámà, ọ̀dà ìpìlẹ̀, bò ó. Láti ibẹ̀, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ gbé e fún pẹ́ńtà tó ní ẹ̀rọ ìfín ọ̀dà. Àwọ̀ funfun àti sílífà ṣòro láti bá mu, ẹ ó sì fi owó tó máa pọ̀ jù ti pẹ́ńtà lọ kọ́ ọ. Bí sẹ́nsọ̀ bá wà lára bọ́ńpà, kí wọ́n má ṣe fi fílà tàbí ọ̀dà tó nípọn bò ó lójú.

Ìgbà wo ni mo lè dá a padà sára mọ́tò?

Bí mátì bá ti lo ọjọ́ kan tó sì le, tí ọ̀dà sì ti gbẹ. Tí ihò kò bá bá ara mu mọ́, ẹ má fi nọ́ọ̀tì fà á mọ́ra tipátipá, ọ̀pọ̀ bọ́ńpà tún ń là níbẹ̀. Ẹ fẹ ihò náà díẹ̀, ẹ fi wọ́ṣà onírọ́bà sí i, ẹ fi ọwọ́ yí gbogbo nọ́ọ̀tì títí wọn á fi kan, kí ẹ tó wá fi sípánà mú ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìdajì ìyípo.